Má Mu Omi Lé Asálà

Ọ̀dá kékeré inú oṣù Ògún ti kásẹ̀ nílẹ̀.
Lóru àná, òjò àròkúrò kan páànù wa ní Pókà
bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé tó padà wá mú un.
Ìyá Wúlẹ̀mọ́tù ò dúró kí àkùkọ kọ.
Ó ti gbé agbọ̀n, ó ti fi ọ̀bẹ há bàǹtẹ́,
ó ní, "Sìfáwù, dìde. Ilẹ̀ ti rọ̀."

A gba ẹ̀yìn ilé ìwé,
a gba ọ̀nà tóóró tí wọ́n ń gbé ìgèrè gbà lọ sí ọ̀sà,
ìrì ń fọ ẹsẹ̀ wa dé orúnkún.
Ẹ̀bọ̀lò ló kọ́kọ́ pàdé wa, létí ààtàn:
ó ń rùn, ó mọ̀ pé òun ń rùn,
kò tijú ẹnikẹ́ni;
inú ọbẹ̀ ni yóò ti gbẹ̀san.
Ìyá Wúlẹ̀mọ́tù já orí méjì, ó fi ìkẹta sílẹ̀.
"Èyí tí o bá fi sílẹ̀ ni yóò pè ọ́ lọ́dún tó ń bọ̀."

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pẹ tó wó lọ́dún tí wọ́n bí àbúrò mi
olú hù, funfun, lọ́wọ̀ọ̀wọ́,
bí fìlà àwọn tó forí kanlẹ̀ ní ìrun àsùbáà.
Mo fẹ́ pariwo. Ó fọwọ́ bò mí lẹ́nu.
Nínú ìdílé tiwa, a kì í pariwo níwájú olú:
wọ́n ní ojú á tì í, á padà sínú ilẹ̀.
N kò gbà á gbọ́.
Mo dákẹ́ ṣá.

Ọ̀kan wà níbẹ̀ tó dára ju gbogbo wọn lọ,
etí rẹ̀ pọ́n, ara rẹ̀ ń dán.
Mo nawọ́. Ó fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gbá mi lọ́wọ́:
"Ohun tí n kò mọ orúkọ rẹ̀
kì í wọ agbọ̀n mi."

Ó wá ku asálà.
A gba ìhà títì Ìjẹ̀bú-Òde lọ síbi igi arère
tí ìtàkùn rẹ̀ ti ń gùn láti ayé bàbá wọn.
Ògiri búlọ́ọ̀kù la bá.
Wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ ọ́: ILẸ̀ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ,
ilẹ̀ tí wọ́n ti tà lẹ́ẹ̀mẹta.
Arère wà nínú lọ́hùn-ún.
Ìtàkùn ti na apá kan kọjá ògiri sọ́dọ̀ wa.
Ó wò ó títí.
"Wọ́n bá ọmọ onílẹ̀ sọ̀rọ̀," ó ní,
"wọn ò rántí bá ìtàkùn sọ̀rọ̀."

Èso márùn-ún péré ló bọ́ síta, èèpo wọn ti dúdú.
A ń ṣà á lọ́wọ́ nígbà tí géètì dún:
ọ̀dọ́mọkùnrin kan yọ, tọ́ọ̀ṣì títàn lọ́wọ́ rẹ̀, ilẹ̀ sì ti mọ́.
Mo ti múra àtisá.
Ó wo agbọ̀n, ó wo irun funfun, ó padà wọlé.
Garawa ọ̀dà àlòkù ló gbé jáde,
asálà kún un dé etí.
"Màmá, òru ni wọ́n máa ń já lu páànù mi.
N kò mọ̀ pé jíjẹ ni."

Ìyá Wúlẹ̀mọ́tù rẹ́rìn-ín, ó pín olú sí méjì, ó fún un ní ìdajì.
"Fi iyọ̀ sí i bí o bá ń se asálà.
Má mu omi lé e. Á korò."

Inú oṣù Bélú ni mo gbọ́ ayùn.
Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ké.
Ìyá Wúlẹ̀mọ́tù ò bi mí pé kí ló ń dún.

Asálà díẹ̀ ṣì wà nínú ìkòkò, mẹ́fà tàbí méje.
Mo jẹ ọ̀kan lóru, mo bu omi tútù,
mo mu ún.
Mo mọ̀ọ́mọ̀ ni.
Mo fẹ́ kó pẹ́ lẹ́nu mi.